Irin Abẹ́ Ọ̀dà

Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ ní Peckham lánàá dúró lórí afárá, wọ́n ń tún títì ṣe. Òórùn ọ̀dà gbígbóná gba ojú fèrèsé wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, mo jókòó ti Dádì lórí afárá yìí kan náà, àpótí aṣọ mi wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, bàtà tuntun fún mi lẹ́sẹ̀. Dádì kì í sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àmọ́ lọ́jọ́ náà ẹnu wọn ò dákẹ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, tíráàmù ló ń gba ojú irin sọdá odò níbí, ariwo rẹ̀ á sì máa dini létí.

"Wọn ò hú irin náà o. Ọ̀dà ni wọ́n dà bò ó."

Dádì di ọwọ́ mi mú pinpin.

"Tó bá ti sọdá, ṣé ó máa ń padà, Dádì?"

"Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́."



Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilé nígbà náà ló ń gbé ọmọ fún òyìnbó tọ́, kí wọ́n lè ráyè kàwé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dúró lójú fèrèsé obìnrin òyìnbó kan tí n kò mọ̀ rí, mo ń retí ariwo irin.