Ìkíni Tí Olóòtú Gé Sọnù

Títí di òní olónìí, bí mo bá rántí olóòtú kan báyìí ní ìlú òyìnbó, inú a máa bí mi. N kò rí i sójú rí, òun náà kò sì rí mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó gé ìkíni tí mo kí i sọnù, díẹ̀ ló sì kù kí ó gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ibùdó rélùwéè Òṣogbo. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní apá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni ọ̀gá wa kan tí ó jẹ́ òyìnbó ẹnjiníà padà sí ìlú rẹ̀. Ó pín ẹrù rẹ̀ fún wa. Ẹnì kan gba àga, ẹnì kan gba fìríìjì. Nígbà tí ó kàn mí, ó gbé àpótí kan lé mi lọ́wọ́, ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní òun mọ̀ pé èmi ni yóò mọ ìwúlò rẹ̀. Mo ṣí i délé, bàálù kékeré ni mo bá níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Àpótí rédíò kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí irin gígùn yọ lórí. Bí ènìyàn bá dúró sílẹ̀ tí ó ń tẹ bọ́tìnì ara rédíò náà, bàálù tí ó wà lókè yóò máa yà síbi tí ó bá ní kí ó yà. Ọ̀gá mi tún ti san owó ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan tí kì í sọ̀rọ̀ ohunkóhun àfi ti irú bàálù bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi tí mo ti ń gba àdúrà fìríìjì! Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé, tí ó hó, tí ó sáré, tí ó sì fò kọjá orí igi máńgòrò, mo gbàgbé fìríìjì pátápátá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Páílọ́ọ̀tì ní Òkè-Baálẹ̀ tí mo ń gbé. Bí bàbá onílé mi bá ti kírun àárọ̀ tán, yóò yọjú sí fèrèsé mi, yóò ní, "Páílọ́ọ̀tì, ìgbà wo lo máa gbé wa lọ sí Mẹ́kà?"

Nínú ìwé ìròyìn náà, ojú ewé tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí àwọn òǹkàwé ti máa ń sọ tẹnu wọn. Ẹnì kan á ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yìn lóṣù tó kọjá, òun fọwọ́ yí i títí ọwọ́ òun fi bó, kò dáhùn. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, ọ̀lẹ ni ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń kà á bí ẹni ń gbọ́ ìjà ilé kejì. N kò mọ̀ pé èmi náà máa bá wọn dá sí i.

Ohun tó fà á ni pé wọ́n ya àwòrán bàálù tuntun kan, wọ́n kọ bí a ṣe ń kàn án. Irú igi fífúyẹ́ tí wọ́n dárúkọ kò sí lọ́dọ̀ wa, mo bá lo igi araba. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù wọn ni mo lò, bébà wọn ni mo fi bo apá rẹ̀, n kò yẹsẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Ìgbà òjò ni. Apá bàálù mi rọ bí ewé ẹ̀kọ. Ó gòkè lọ́jọ́ náà, inú mi ń dùn, àfi bí apá rẹ̀ méjèèjì ṣe ká kò lójú ọ̀run, tí ó sì já lu orí èlùbọ́ tí ìyá àgbà kan sá sórí àpáta lẹ́bàá pápá. Ìyá náà kò pariwo. Ó kàn wo èmi, ó wo bàálù, ó ní, "Ṣé kò sí ẹni tí yóò fún ọ níyàwó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí ó bá egbò. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí mo fẹ́, tíṣà ni ní ilé ìwé kan ní Òkè-Fìà, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà sì ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń lọ sí Òkè-Fìà lọ ra ìṣáná, èmi tí ilé ìtajà wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti gbà fún mi, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun kò bá gbà. Bàbá rẹ̀ ti fìgbà kan jẹ́ òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tí wọn yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà yẹn, ó ti padà sídìí kòkó àti obì rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí mi lọ bá a, ó ní òun kò kọ̀, òun kò sì gbà, òun ṣì ń wo ìwà mi.

Mo fi ìbínú gbé kálámù láti kọ̀wé sí olóòtú. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni mí, a kì í bá ènìyàn jà láìkí i. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo kí i kú òtútù, nítorí mo gbọ́ pé òtútù ilẹ̀ wọn kò láàánú. Mo béèrè ìyàwó rẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ, mo ní ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa nílé ìwé. Mo kí àwọn tí ń tẹ ìwé ìròyìn náà. Mo ní bí ó bá pàdé ọ̀gá mi àtijọ́ lọ́nà, kí ó bá mi kí i. Mo bá àwọn ènìyàn mi kí i, àtèyí tí mo ní àtèyí tí mo ń retí. Ìgbà tí mo ṣe gbogbo èyí tán ni mo tó sọ fún un pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò dára, bébà rẹ̀ kò dára, àti pé ẹni tó ya àwòrán bàálù náà kò mọ ohun tí à ń pè ní òjò.

Ó pẹ́ kí èsì tó dé, nítorí ojú omi ni ìwé ìròyìn náà ń gbà bọ̀. Ọjọ́ tí ó dé, mo ṣí ojú ewé àwọn òǹkàwé, mo rí "Òṣogbo, Nàìjíríà" gàdàgbà. Mo ké. Gbogbo ibùdó rélùwéè ló kà á, títí kan ẹni tí ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, tí àwọn èrò sì ń dúró dè é. Mo rí i pé ìkíni mi kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí orúkọ ìlú rẹ̀ nínú ìwé òyìnbó, ṣé ìkíni ni yóò máa wá kiri? Mo ní kí èyí má mọ sí Òṣogbo. Bí bàbá bá ń wo ìwà, kí ó wá wo ìwà ẹni tí òyìnbó ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpetu. A bá bàbá níwájú ilé, ó ń yí kòkó tó sá padà. Kò gbọ́ òyìnbó, ọmọ ló máa ń kà fún un, tí yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ yìí kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í sì í yọ kúrò níbẹ̀. Ìwà rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, òun náà ló sì fẹ́ pa mí lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n kọ nìyí: 'Ọ̀gá, gọ́ọ̀mù yín kò dára.'"

Bàbá gbórí sókè. "Kí ló sọ ṣáájú ìyẹn?"

"Kò sọ nǹkan kan, Bàbá."

"Kò kí i? Kò béèrè ulé?"

"Kò béèrè, Bàbá."

Mo fò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kí i! Wọ́n gé e ni!"

"Yèsí gé e?" Àwọn Ìjẹ̀ṣà kì í sọ pé ta ni, yèsí ni tiwọn, bí ilé ṣe jẹ́ ulé lẹ́nu wọn.

"Olóòtú ni, sà."

"Ẹni tí o kí náà ló gé ìkíni tí o kí i?"

Bí ó ṣe sọ ọ́ yẹn, etí èmi gan-an gbọ́ ọ bí irọ́.

Bàbá jókòó. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ta aṣọ, onígbèsè tó jẹ mí lówó, tó tún ń sá fún mi, bí mo bá dé ulé rẹ̀, màá kí i. Màá kí ìyàwó rẹ̀. Màá ní ṣé ara ọmọ le. Ìgbà tí mo bá kí wọn tán ni màá tó lóṣòó. Èyí kò jẹ ọ́ ní kọ́bọ̀, o kàn já wọ ulé rẹ̀, o ní gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò dára. Bí mo bá fún ọ lọ́mọ, tí ọbẹ̀ rẹ̀ níyọ̀ jù lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Ó tún ní, "Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni o kí i, a jẹ́ pé ó jẹ ọ́ ní gbèsè ìkíni. Lọ lóṣòó tì í. Ọjọ́ tó bá san án, kí o padà wá."

A wọ ọkọ̀ padà, a dé Iléṣà. Níbẹ̀ ni mo ti ní, "O ò lè fi ẹ kú iṣẹ́ kan ṣoṣo kún un?"

Ó ní, "Ohun tí kò sí nínú ìwé lẹ fẹ́ kí n kà fún bàbá mi?" Ojú rẹ̀ ti kún fún omijé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí lóṣòó. Ẹni tí kò bá rí òṣómàáló tó ń fi lẹ́tà sin gbèsè rí, kí ó wá wò mí. Mo kọ̀wé, mo tún kọ̀wé. Ìkíni tí mo kọ sí ìwé kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí olóòtú má baà rò pé mò ń bínú. Mò ń bínú. Mo ní kí ó bá mi tẹ ìkíni mi, nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó ni. Oṣù dé, oṣù lọ, ohun tí mo ń rí ni èsì àwọn òǹkàwé sí ẹjọ́ gọ́ọ̀mù. Ọ̀kan ní ẹnu ará Òṣogbo yẹn mú o, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ọ̀kan ní kí wọ́n bá òun béèrè ohun tí ń jẹ́ araba. Nígbà mìíràn, inú mi ìbá dùn débi pé n kò ní sùn. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ti kúrò lọ́rọ̀ mi. Bàálù wà lábẹ́ ibùsùn, eruku bò ó. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù pé màá pàdánù ọmọ ènìyàn nítorí ẹ kú iṣẹ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni mo ṣí ìwé ìròyìn kan, mo sì rí lẹ́tà mi àkọ́kọ́, látòkè délẹ̀, ó gba ojú ewé kan gbáko. Olóòtú kọ̀wé sísàlẹ̀ rẹ̀. N kò dúró kà á tán. Mo rí ẹ kú iṣẹ́ lókè, ó tó. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan, kí ló tún fẹ́ kà níbẹ̀? Òkè-Fìà ni mo gbà lọ, a sì wọ ọkọ̀ Ìpetu lọ́jọ́ Sátidé.

Bàbá jókòó, ó káwọ́ gbera. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí kà.

"Ó kí i kú iṣẹ́. Ó kí i kú òtútù."

"Ó káre," ni bàbá wí.

"Ó béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ó kí àwọn tí ń tẹ̀wé."

"Àwọn náà ṣiṣẹ́."

"Ó ní bàbá onílé òun kí i." Ó dákẹ́ lójijì. Ó wò mí, ojú ń tì í.

"Kà á."

"Bàbá..."

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gé e ni?"

"Ó ní, 'Àna mi, tí ó ní oko kòkó ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, náà ní kí n kí yín.'"

Mo ti gbàgbé. Lóòótọ́ ni mo kọ ọ́. Ìkíni tí kò ní àna nínú kò wuyì, ibi tí mo sì ń retí ni mo ti mú tèmi. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi wà lórí kòkó.

"Yèsí ni àna rẹ ní Ìpetu?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Ṣé mo rán ọ?"

"Ẹ ò rán mi, sà."

Adìyẹ kan kọjá níwájú mi, ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó yá, bàbá bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí òyìnbó náà fèsì.

Ó kà á. Olóòtú ní kí n má bínú, àyè ló há, òun sì máa ń gé ìkíni gbogbo ènìyàn. Ó ní ìyàwó òun wà dáadáa. Ó ní àwọn kò bímọ, ajá kan ni àwọn ní, ara ajá náà le. Ó ní kí n bá òun kí bàbá onílé mi, kí n sì bá òun kí àna mi ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Bàbá gba ìwé ìròyìn náà. Ó ní kí ọmọ fi ibi tí wọ́n ti kọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà han òun. Ó fi ìka lé e, ó sì jẹ́ kí ìka náà pẹ́ níbẹ̀.

"Kò bímọ," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ajá." Ó mi orí. "Síbẹ̀ ó jókòó, ó ní kí wọ́n kí mi."

Ó tún mi orí, ó ní, "Dìde, o ń ba kòkó mi jẹ́. Mú bébà wá. Wọ́n kí ènìyàn, a sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Kọ ọ́ pé ó ṣeun. Kọ ọ́ pé Ọlọ́run yóò fi ọmọ jíǹkí òun àti ìyàwó rẹ̀. Kí o kí ajá náà."

Ọmọ rẹ̀ sáré gbé kálámù fún mi. Mo ní, "Bàbá, ta ni kí n sọ pé ó ní kí n kí wọn, sà?"

"Ṣé o dití ni? Àna rẹ ni."