Ìda Tí Bádárù Gbé Lọ sí Osdorfer Born

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọkọ̀ dán ní Berlin yìí ju Bádárù ọmọ Ìsẹ́yìn lọ, ẹ ní kó wá bá mi ní Gesundbrunnen. Èmi ni mo máa dá a lóhùn. Ọdún tí mo ti lò nílùú yìí pọ̀ ju irun tó kù lórí mi lọ, kò sì sí iṣẹ́ ọwọ́ tí mi ò tíì jókòó tì títí mo fi mọ̀ ọ́n dénú. Ilé ìwé kankan kò kọ́ mi, ojú mi ló kọ́ mi. Ojú yìí kan náà ló rí ọkọ̀ dúdú kan tí Bádárù nù tán ní Neukölln. Ológbò kan dé iwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ó rí ara rẹ̀ nínú ọ̀dà, ó rò pé ológbò mìíràn ló wá gba àdúgbò mọ́ òun lọ́wọ́, ló bá kọjú ìjà sí i. Bádárù ló gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè lọ wo ológbò náà, ó ṣì wà láàyè.

Ìda ni iṣẹ́ Bádárù, èyí tí wọ́n fi ń pa ọkọ̀ lára lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní wáàsì. Oríṣi méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀kan jẹ́ olómi, inú ike ló wà, kò wọ́n. Ẹ fọ́n ọn, ẹ nù ún, ó parí. Èkejì wà nínú agolo pẹlẹbẹ, ó le bí òrí tó sun ìta mọ́jú nínú ọyẹ́, òórùn rẹ̀ dà bí èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, owó rẹ̀ sì lè mú kí akọni ọkùnrin wá àga jókòó. Bí oníbàárà bá béèrè bóyá olówó gọbọi yìí tó iye tí wọ́n ń tà á, ọ̀gá Bádárù á ti máa wò ó láti ọ̀ọ́kán pé kó sọ pé ó tó. Bádárù kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ béèrè pé níbo ni ọkọ̀ náà ń sùn. Bí onítọ̀hún bá ní ìta ni, lábẹ́ igi, Bádárù á ní kó ra olómi, nítorí olómi yóò wà lára ọkọ̀ títí ọdún yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Ó ní ẹwà ni ti inú agolo, ó máa ń mú kí ọ̀dà jinlẹ̀ bí omi ibú, ṣùgbọ́n kò rí ara gba òjò sí. Kí oṣù bíi mélòó kan tó kọjá, ó ti bá ẹ̀gbin lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pàdánù èrè fún ọ̀gá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníbàárà ṣe ń wọ́ tọ̀ ọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bádárù àti Kúbúrátù ìyàwó rẹ̀ bí, Hanifat ni. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló dàgbà sí. Bó bá ti dé láti ilé ìwé, á jókòó sórí táyà, á máa ka ìwé rẹ̀. Bàbá á sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ọmọ á fi Jámánì fèsì, inú àwọn méjèèjì á sì máa dùn. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó rí iṣẹ́ sí Hamburg, ibẹ̀ ló ti pàdé Olúdayọ̀, ọmọ àwọn Aládùúrà kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló da ilé rú o. Bádárù ní àbúrò tó ń wọ sùtánà, abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun. Tẹlifóònù ló da ilé rú. Ọmọ dáadáa ni Olúdayọ̀, àmọ́ Hamburg ni wọ́n bí i sí. Ó rò pé bí èèyàn bá ti pe bàbá ìyàwó rẹ̀, tó kí i dáadáa, tó sì sọ ọjọ́ tí wọ́n fún àwọn ní Standesamt, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń so yìgì, fún un, ó ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Kò sí ìyá, kò sí bàbá, kò sí ẹ̀gbọ́n kankan tó wá tọrọ ọmọ. Bádárù gbọ́ ọ dópin. Ó wá ní ọmọ òun kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń fi fóònù pè kí wọ́n gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó pa fóònù. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ṣọ́ọ̀bù ló wà, ó ń nu ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Hanifat ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun náà kò ní fi fóònù yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Ọdún méjì gbáko. Bàbá ń retí kí ọmọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ ń retí kí bàbá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kúbúrátù ló wà láàárín wọn, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg, tó ń bọ̀. Bó bá dé, Bádárù kì í béèrè nǹkan kan. Á kàn rọra yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kó lè gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ sọ nǹkan.

Ìgbà kan ló dé, Kúbúrátù ní Hanifat ti ra ọkọ̀, Golf aláwọ̀ búlúù kan tó ti gbó, tí oòrùn ti jẹ ọ̀dà rẹ̀. Bádárù ń jẹ̀bà lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí i tó ń jáde ní ìsọ̀ kan ní àdúgbò mi, ó fi agolo pẹlẹbẹ kan sábẹ́ abíyá. Mo bi í pé oníbàárà wo ló ní i. Ó ní kò sí oníbàárà. Mi ò bi í mọ́. Ẹni tó bá gbọ́n bí tèmi kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n wá ń tún ojú irin Hamburg ṣe, tí ìrìnàjò Kúbúrátù di wàhálà, Bádárù ní òun á fi ọkọ̀ gbé e lọ. Ó ní òun kò ní gòkè o, òun á jókòó sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Mo ní mo máa bá wọn lọ, nítorí ìrìnàjò tí kò bá sí èmi níbẹ̀, ojú ọ̀nà á gùn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, ọmọ ló ń fọ ọkọ̀ bàbá. Bàbá kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí táyà ọmọ. Bí Bádárù bá béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Hanifat, Hanifat kò ní gbà láéláé, Bádárù á sì ti di ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohun tó ní lọ́kàn ni pé kó pa ìda yẹn sí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ lára kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀, kó sì máa lọ.

A dé Osdorfer Born, àdúgbò tí Hanifat ń gbé ní Hamburg, láàárọ̀ Sátidé. Kúbúrátù wọ inú ilé alájà gogoro yẹn lọ. Bádárù rìn káàkiri ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí títí ó fi rí Golf búlúù kan tí wọ́n fi tẹ̀súbà kọ́ sára dígí iwájú rẹ̀. Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí wọ́n ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ó ṣì ń lo tẹ̀súbà.”

Mo rí bàtà bọ́ọ̀lù ńlá kan lórí àga ẹ̀yìn, mo sì fura. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ bàtà?

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn da omi ọṣẹ sílẹ̀ níbẹ̀, omi ìnukọ̀ kan tí kì í kán sílẹ̀ ló fi nu gbogbo ìdọ̀tí kúrò. Lẹ́yìn náà ló ṣí agolo. Kò lo fóòmù rárá. Ó fi ìka mú ìda díẹ̀, ó rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi yọ́, ó wá ń fi ọwọ́ lásán pa á, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá ṣe ń fi òrí pa ọmọ jòjòló lẹ́yìn ìwẹ̀. Ibi tó bá ti nù tán, ojú ọ̀run Hamburg tó ṣú dùdù á mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí ẹyẹlé tó fò wálẹ̀ wá tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe nínú ọ̀dà yẹn bíi pé dígí ni.

Ó ti parí ìdajì nígbà tí ọkùnrin gìrìpá kan yọ sí wa, ará Ghana kan tó ń gbé ilé yẹn, tí wọ́n ń pè ní Sufyan. Ó kí wa ní pidgin, ó ní ẹ má bínú, bàbá, ọkọ̀ òun ni ẹ̀ ń fọwọ́ pa yìí. Bádárù ní kì í ṣe ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ Hanifat ni. Sufyan wo ojú rẹ̀, ó rí iwájú orí Hanifat lórí rẹ̀, ló bá yọ fóònù jáde. Bádárù ní kó má pè é. Ó ti pè é.

Hanifat sọ̀ kalẹ̀ tòun ti sílípáàsì, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó dúró.

“Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe fún mọ́tò Sufyan?”

Bádárù wo agolo ọwọ́ rẹ̀. “Mo rò pé tìẹ ni.”

Hanifat wo ọkọ̀ tí ìdajì rẹ̀ ń tàn, tí ìdajì rẹ̀ ṣú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi di ọkọ̀ mú. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ike ìdọ̀tí, níbi tí Golf búlúù mìíràn wà, èyí tó ṣá ju ti Sufyan lọ, tí kò sí nǹkan kan lára dígí rẹ̀. Ó gba agolo náà, ó kà á, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni, ó mọ ohun tó ń kà.

“Ìta ni mọ́tò mi ń sùn,” ó ní. “Kí ló dé tẹ́ ò mú olómi wá? Eléyìí ò ní pẹ́.”

“Mo mọ̀.”

“Kò wá tó owó rẹ̀ nìyẹn.”

Bádárù ń nu ọwọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. “Bí mo bá fi olómi pa á, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kí ni mo máa wá sọ pé mo wá ṣe kí ọdún tó pé?”

Èmi gan-an, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo ń wo bàtà mi. Kúbúrátù fi etí ìborùn nu ojú.

Hanifat gba aṣọ ìnukọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà. Bádárù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tì í. Hanifat fi ìgúnpá tì í padà.

“Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Òkè ni tiyín.”

Bàbá mú òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọmọ mú gbogbo ìsàlẹ̀. Wọ́n ń ṣe é lọ títí Bádárù fi sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ fún òrùlé ọkọ̀ ni, pé kí Hanifat sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun máa ń wà nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

“Ẹ̀rù yín ló ń bà á,” Hanifat dáhùn láti ìsàlẹ̀. “Ó máa mú àwọn òbí ẹ̀ wá.”

Sufyan kò lọ. Kò fẹ́ da bàbá àti ọmọ rú, ṣùgbọ́n kò lè gbé ojú kúrò lára ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣú. Níkẹyìn, ó rọra béèrè nǹkan lọ́wọ́ Hanifat ní Jámánì. Hanifat yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ní Sufyan ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa parí tòun.

“Sọ fún un pé tìẹ làkọ́kọ́,” ni Bádárù wí, ó sì tún fi ìka mú ìda nínú agolo.