Òkòtó Ràfátù

Ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ó yí, ó yí lórí táìsì, ohùn rẹ̀ sì ń yára sí i bó ṣe ń súnmọ́ ilẹ̀. Kó tó dákẹ́, mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní àgbàlá wa ní Osi, Ràfátù, tí a jọ máa ń ta òkòtó, sì wà níwájú mi.

Bàbá Ràfátù ń ra iṣu lọ́wọ́ àwọn òbí wa, ó ń kó o lọ sí Ìlọrin. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ òkòtó. Ìkarahun ìgbín kékeré ni, èyí tó ṣe ṣóńṣó nídìí. A ó rin ẹnu rẹ̀ lórí òkúta títí yóò fi dọ́gba, a ó fi ìka ta á, yóò sì máa fi ṣóńṣó rẹ̀ jó. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣubú yóò na ẹ̀yìn ọwọ́ sílẹ̀, wọn yóò sì fi òkòtó gbá a. Ó máa ń dunni dé eegun.

Lọ́jọ́ náà, tèmi ló kọ́kọ́ ṣubú. Mo kó ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, mo ní n kò pàdánù, ó rẹ òkòtó mi ni.

“Kì í rẹ̀ ẹ́,” ni Ràfátù wí. “Ilẹ̀ ló ń dá a dúró. Bí ilẹ̀ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò máa jó lọ ni.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù. Ó ta tirẹ̀ sórí yanrìn, a pàtẹ́wọ́ kà á: mẹ́sàn-án. Lórí ilẹ̀ tí a fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pa, mọ́kàndínlógún. Lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi ni mo pariwo pé ojóóró ni, àwọn yòókù sì gbè mí. Òun ló wá na ọwọ́ sílẹ̀ dípò mi, èmi gan-an ni mo sì gbá a. Kò sunkún. Ó ní, “Ìwọ náà á mọ̀.” Kí iṣu tuntun tó jáde, bàbá rẹ̀ ti kó gbogbo ilé wọn lọ sí Ìlọrin pátápátá.

Télọ̀ ni mí, n kò ka sáyẹ́ǹsì nílé ìwé. Ìwé àlòkù kan ló sọ fún mi, lẹ́yìn tí mo ti bímọ mẹ́ta, pé ohun tó bá ń lọ yóò máa lọ bí ohunkóhun kò bá dá a dúró. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ilẹ̀ tí kì í di nǹkan mú: pákó dídán, àwo tánganran, dígí. Ilẹ̀ ẹlẹ́bọ́tọ ti tán ní Osi, àwọn ọmọ kò sì ta òkòtó mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ràfátù kò yẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti béèrè rẹ̀ ní Ìlọrin. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Lánàá, mo nu dígí mọ́, mo ta òkòtó sórí rẹ̀, mo sì na ẹ̀yìn ọwọ́ mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kó tó dùbúlẹ̀.