Ìdajì Inú Agolo

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Abọ́dúndé fi jẹ́ sítọ́kípà ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, pẹpẹ rẹ̀ kò sì ṣófo rí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gba ogún ìṣó, mẹ́wàá ni yóò kà fún un. Ó ní ìyókù di ọ̀la.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó òfin náà wálé. Dókítà a kọ oògùn ọjọ́ méje fún un. Ó di ọjọ́ kẹta, ikọ́ a dáwọ́ dúró, ìyókù oògùn a wọ inú agolo bisikíìtì orí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí aládùúgbò bá húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Abọ́dúndé a ṣí agolo, a fún un ní hóró mẹ́rin, a sì gbà á nímọ̀ràn pé kó tọ́jú méjì. Gbogbo ilé ń pè é ní Dókítà. Lydia ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Lóṣù Keje, òtútù àyà dá a dùbúlẹ̀. Ó lo kápúsù pupa òun yẹ́lò. Àìsàn kò gbọ́. Ó lo funfun. Ó lo èyí tí orúkọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lára páálí. Nígbà tí kò lè mí délẹ̀ mọ́, Lydia kò bá a jiyàn. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn kan ní Yábàá, agolo wà lábíyá rẹ̀.

Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fadilah, bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn oògùn tí kòkòrò àyà rẹ̀ kò kà sí mọ́. Bó ti ń kà, Lydia ń mú páálí jáde látinú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀.

Abọ́dúndé gbórí sókè. Ó fẹ́ mọ bí kòkòrò ṣe mọ ohun tó wà nínú agolo òun.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn, Bàbá,” ni Fadilah wí. “Oògùn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọ̀lẹ inú wọn ló ń pa. Àwọn tó le ló ṣẹ́kù, àwọn ló sì ń bímọ.”

“Ìdajì péré ni mo máa ń fi sílẹ̀.”

“Ìdajì yẹn náà ló ṣẹ́kù nínú àwọn kòkòrò, sà.”

Irú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ṣì lè pa wọ́n, ọjọ́ méje gbáko ni wọn yóò sì fi gún un. Dókítà ní bí Bàbá bá já a láàárín, òun kò mọ èyí tóun tún máa fún un. Lọ́jọ́ kẹta, èémí rẹ̀ já gaara. Ó ṣẹ́wọ́ sí Jennifer, nọ́ọ̀sì wọn, ó rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun di abẹ́rẹ́ tó kù sínú ọ̀rá. Jennifer rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Lydia kò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Motọ́lání, bẹ́ ẹ bá kú, ta ló máa wá gba ẹrù tẹ́ ẹ kó pamọ́?”

Abọ́dúndé na apá sí Jennifer, ó ní kó kó gbogbo rẹ̀ jáde láìtọ́jú ọ̀kan.

Ọjọ́ méje pé, wọ́n darí sílé. Lydia ti fi àwọn oògùn àtijọ́ sílẹ̀ fún àwọn onífámásì ilé ìwòsàn láti bá a sọ nù. Ó fọ agolo, ó da ẹ̀pà kún un.

Nírọ̀lẹ́, Mùktárù ayálégbé wá ń húkọ́ lọ́ọ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára agolo. Abọ́dúndé ní kó lọ rí dókítà. Ó wá bu ẹ̀pà fún un, ó ní kó jẹ ẹ́ tán lójú òun, ó sì ń wò ó títí ó fi jẹ hóró tó kẹ́yìn.

Nígbà tí Mùktárù lọ, Abọ́dúndé jẹ tirẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ìdajì, ó fi ìdérí dé agolo, ó ní ìyókù di ọ̀la.