Ṣé Ẹ Rí I Ni, Àbí Ẹ Gbọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ Fákáyọ̀dé ni mo fẹ́ sọ. N kò ní bù mọ́ ọn. Ọmọ Ṣàngódèyí ni, Ṣàngódèyí tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń roko lọ́nà Igangan láti ìgbà tí irun orí wa ti dúdú.

Lọ́yà ni Fákáyọ̀dé fẹ́ kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe JAMB. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, yunifásítì Ìbàdàn gbà á, ṣùgbọ́n filọ́sọ́fì ni wọ́n fún un. Baba rẹ̀ béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú ni. Ṣàngódèyí ní, "Ta ni kì í ronú?" Ṣùgbọ́n bó bá dé àárín èèyàn ní Igbó-Ọrà, á ní ẹ̀gbọ́n lọ́yà ni filọ́sọ́fì, pé ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni lọ́yà ti ń kọ́ ẹnu. Ẹ̀gẹ́ ọdún mẹ́rin ló bá ẹ̀kọ́ náà lọ.

Ọmọ náà parí, ó padà wálé. Kò sí iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Èrúwà gbà á pé kó máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Bó bá ń kọjá, àwọn ọlọ́kadà á pè é: "Fílọ́! Kí lo rò lónìí?" Á rẹ́rìn-ín. Baba rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé. Pèrègún ni ààlà láàárín oko Ṣàngódèyí àti oko Àlájì Gàníyù. Iná ẹ̀ẹ̀rùn jó o. Nígbà tí òjò rọ̀, Ṣàngódèyí gbin òmíràn, ṣùgbọ́n kò gbìn ín sójú kan náà. Ó wọ inú oko Gàníyù tó ogún ebè. Gàníyù pariwo. Baálẹ̀ ní kí tọ̀túntòsì wá rojọ́, kí oníkálukú mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá.

Inú Ṣàngódèyí dùn. "Wàyí o! Ọmọ mi ló máa bá wa rò ó. Ohun tí mo rán an lọ kọ́ nìyẹn." Ó wá bá mi. "Bàbá Ọmọ́tárá, ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi. Ìṣojú ẹ ni bàbá mi àti bàbá Gàníyù gbin pèrègún yẹn síbi tó wà. Ohun tí wàá sọ nìyẹn."

Ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà tí ejò bù mí jẹ lóko, òun ló fi kẹ̀kẹ́ gbé mi dé ilé ìwòsàn. Mo ní ó ti tán.

Lọ́jọ́ kẹta, Fákáyọ̀dé wá bá mi lóko. Mo ń kọ ebè. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí kùkùté, ó yọ ìwé.

"Bàbá Ọmọ́tárá, ẹ kú iṣẹ́. Pèrègún yẹn, ṣé ẹ rí i ni, àbí ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo rí i."

"Ọdún wo ni, bàbá?"

"Ọdún tí eṣú jẹ oko."

"Ṣé kì í ṣe Ilé-Ifẹ̀ lẹ wà lọ́dún náà, tí ẹ ń ṣe lébìrà nínú oko kòkó? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ fún wa."

Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Wọ́n sọ fún mi ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Baba ẹ."

"Nígbà wo?"

"Ìjẹta."

Kò bú mi. Ó pa ìwé dé. Ó ní ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn nìyẹn, pé kí èèyàn bi ara rẹ̀ bó ṣe mọ ohun tó ní òun mọ̀.

Mo ní, "Baba ẹ ni o. Ìwọ sáà dákẹ́, kí n sọ tèmi."

Ó ní, "Bàbá, èmi ni wọ́n ní kí n rò ó. Mi ò lè ro ohun tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀." Ó mú ọkọ́ mi nílẹ̀, ó bá mi kọ ebè mẹ́wàá, ó lọ.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Ṣàngódèyí wọ agbádá. Wọ́n pe Fákáyọ̀dé. Ó dìde, ó kí baálẹ̀, ó kí àwọn àgbà. Ó ní, "A ò ní ẹnì kankan tó fojú rí i. Ohun tí bàbá mi sọ náà la ní, kò sí òmíràn." Ó jókòó. Kò dárúkọ mi. Èmi náà kò dìde.

Ṣàngódèyí wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Ó ní, "Ọmọ mi ni mo fún wọn ní Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n dá padà yìí, n kò mọ̀ ọ́n." Baálẹ̀ dá Gàníyù láre, wọ́n hú pèrègún lọ́jọ́ náà. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹrù Fákáyọ̀dé ti wà níta.

Ẹ ó ní Gàníyù á dúpẹ́. Fákáyọ̀dé lọ tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi gbin ẹ̀gẹ́, nítorí owó tíṣà kò tó jẹun.

Gàníyù ní, "Tíṣà, mo gbọ́. Ẹni tí kò bo baba ẹ̀ láṣìírí, ṣé èmi ló máa bò?"

Hàbíbàt ìyàwó rẹ̀ ní, "Àlájì, òun ló gba oko fún yín o."

Ó ní, "Ìdí tí n ò fi fẹ́ ẹ nítòsí nìyẹn."

Ọdún kẹrin rèé. Yàrá kan ni Fákáyọ̀dé ń gbé ní Èrúwà. Bó bá rí mi, á dọ̀bálẹ̀. Èmi àti Ṣàngódèyí ṣì jọ ń jẹun. Èmi tí mo fẹ́ purọ́, ó ń bu ẹran ìgbẹ́ fún mi. Ọmọ tó sọ òótọ́ kò gbọdọ̀ tẹ àgbàlá rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Ìsmáílà aládùúgbò mi wá. Rùkáyàt ọmọ rẹ̀ fẹ́ ka lọ́yà, filọ́sọ́fì ni yunifásítì fún un.

"Bàbá, ẹ mọ ọmọ Ṣàngódèyí dáadáa. Ṣé filọ́sọ́fì yìí tó ohun tí èèyàn ń kà?"

Mo ní, "Bí o bá ní ohun tí o fi pamọ́, má jẹ́ kó lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbọ́ pé ó ti ra fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì fún ọmọ náà.