Ìyá Nọ́ọ̀sì àti Ẹja Tó Ń Bímọ

Bí èèyàn bá dé ọjà Ìsẹ́yìn tó ní ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì lòun ń lọ, kò sí ọlọ́kadà tí kò ní gbé e débẹ̀. Misturat lorúkọ rẹ̀. Agbẹ̀bí ni nílé ìwòsàn kó tó fẹ̀yìntì, àwọn ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà sì ti ń bí tiwọn báyìí. Iṣẹ́ ló mọ̀, kò mọ ìsinmi. Nígbà tí kò sí iṣẹ́ mọ́, ilé sú u, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Dókítà ní kó wá nǹkan tí yóò máa fọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìbàdàn, níbi tó ti lọ yẹ ojú wò, ló ti rí àpótí gíláàsì kan tí ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó wò ó títí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀ tí kò gbọ́. Bó ṣe padà sílé, ó ní kí onígíláàsì tó ń ṣe fèrèsé bá òun lẹ irú rẹ̀. Ó fọ yanrìn sí ìsàlẹ̀, ó pọn omi kànga kún un, ó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi. Rótìmí, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta irú ẹja bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn, fi ẹja ránṣẹ́ sí i nínú ọ̀rá.

Ọkọ rẹ̀, Àlàájì Ràsáàkì, tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí, dúró wò wọ́n.

“Ìgbà wo la ó sè wọ́n?”

“Wọn kì í ṣe jíjẹ, Bàbá Sódìq. Wíwò ni.”

“Ẹja wíwò,” ni baba wí, ó bá lọ jókòó sábẹ́ dóńgóyárò.

Rótìmí ti sọ fún Misturat pé kó jẹ́ kí omi kọ́kọ́ wà nínú àpótí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó kó ẹja sí i. Kò gbà. Omi mímọ́ gaara téèyàn ń mu, kí ló fẹ́ fi ṣe ẹja? Ọjọ́ náà gan-an ló dà wọ́n sí i, ó sì ń bọ́ wọn bí ẹni ń bọ́ ìyá ìkókó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, omi ti dọ̀tí, gbogbo ẹja sì ti dojú ikùn sókè. Misturat dúró níwájú àpótí, ó ń ṣà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn tó ń gba ẹ̀mí là ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun kékeré wọ̀nyí.

“Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn ló di májèlé sí wọn lára, Mà,” ni Rótìmí ṣàlàyé lórí fóònù. “Omi tuntun kò tíì ní àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń pa á rẹ́. Ẹ ní sùúrù.”

Ó ní sùúrù lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà tó yá ló tó kó òmíràn sí i, ìwọ̀nba oúnjẹ ló sì ń fún wọn. Inú wọn dùn, inú tirẹ̀ náà dùn. Àmọ́ ikùn ọ̀kan wú. Ó rò pé àjẹjù ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń nu gíláàsì nígbà tí nǹkan já bọ́ lábẹ́ ẹja náà. Ó kéré bí ìdajì hóró ìrẹsì, ó ní ojú méjì, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Òmíràn tún já bọ́. Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Misturat. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹyin ni ẹja ń yé. Gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wáyé ló sì rò pé òun ti rí.

“Bàbá Sódìq, ẹ wá. Ẹja yìí ń bímọ.”

Kí baba tó wọlé, ìyá ẹja ti yíjú padà, ó la ẹnu, ó gbé ọmọ tó kọ́kọ́ bí mì.

“Ó jẹ ẹ́,” ni Misturat wí. “Ọmọ rẹ̀ ló jẹ.”

Ọwọ́ rẹ̀ ti rántí iṣẹ́. Ó fa asẹ́ yọ, ó bomi àpótí sínú abọ́ funfun, ó sì ń gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń jáde. Nígbà tí ìyá ẹja bí tán, abọ́ kún fún ọmọ, ṣùgbọ́n Misturat mọ̀ pé òun kò rí gbogbo wọn gbà.

“Irú ẹja yìí kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, ìwà wọn sì ni kí wọ́n jẹ ẹ́, Mà,” ni Rótìmí wí lórí fóònù. “Kò mọ̀ pé ọmọ òun ni. Ó kàn rí nǹkan kékeré tó ń rìn ni.”

Kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Fún ìgbà pípẹ́, bó bá ń bọ́ ẹja náà, kì í wò ó lójú.

Àwọn ọmọ dàgbà nínú abọ́, ìrù àwọn akọ pọ́n bí iná. Lẹ́yìn náà ló lọ kí ọmọ tuntun kan ní Ṣakí. Nígbà tó padà dé, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wọ pálọ̀, ó sì dúró gbagidi. Àlàájì Ràsáàkì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí, ó ká apá jalabíà sókè, asẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ẹja tuntun sì wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Má pariwo,” ni baba wí, kò bojú wẹ̀yìn. “Ó ṣì ku ọmọ tó ń bọ̀.”