Ẹni Tó Ka Abọ́

Títí ọlọ́jọ́ fi dé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí a ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, kì í fọwọ́ kan oúnjẹ láìkọ́kọ́ béèrè pé, "Èèyàn mélòó ló máa jẹ nínú abọ́ yìí?" Tí a bá ti dá wọn lóhùn, wọ́n á mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba rán wọn lọ ka iye èèyàn tó ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan l'Ájégúnlẹ̀, kí ẹ̀rọ omi lè kọ́kọ́ dé ibi tí èrò ti pọ̀ jù. Ìyàwó aláàárù kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá kọ̀ jálẹ̀: "Ọ̀gá, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ." Bọ̀ọ̀dá bá ní kó kó abọ́ ìjẹun jáde. Bí wọ́n ṣe ń ka abọ́ dípò ọmọ káàkiri àdúgbò náà nìyẹn, inú wọn sì ń dùn pé àwọn gbọ́n.

Nígbà tí ẹ̀rọ omi dé, àdúgbò mìíràn ló lọ. Ìwé Bọ̀ọ̀dá ló fi hàn pé èrò àdúgbò tí wọ́n ti ka abọ́ ò tó nǹkan.

Wọ́n padà lọ bẹ obìnrin náà. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ni wọ́n bá tí wọ́n yí abọ́ kan ṣoṣo ká. Obìnrin náà ò tilẹ̀ bínú. Garawa omi tó rù dé ló ń sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Abọ́ lẹ kà, ọ̀gá. Ẹ ò béèrè iye ọwọ́ tó ń wọ inú ẹ̀."